Ta Ló Kànkùn ní Yàrá Áyọ́ọ̀nù?

Ẹ sún mọ́bí, gbogbo yín. Ẹni tó gbé nǹkan sórí iná, kó rẹ iná ọ̀hún sílẹ̀. Ẹni tó ń wo nǹkan mìíràn lórí fóònù, kó pa á tì ná. Etí méjèèjì ni mo fẹ́ o, torí ẹni tó bá fi ẹyọ kan gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, á ní irọ́ ni mò ń pa. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni. Ẹyẹ kékeré kan ló ṣàìsàn, a rí àìsàn náà lára ẹ̀, a sì tọ́jú ẹ̀ bó ṣe yẹ kéèyàn tọ́jú ẹyẹ. Ìtọ́jú yẹn gan-an ló fẹ́ pààyàn.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látìdí. Alágbàfọ̀ ni ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí mò ń pè ní Màámi Àgbà. Òun àti ọkọ ẹ̀ ni wọ́n jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, aṣọ funfun nìkan ni wọ́n sì ń gbà: kóòtù àwọn dókítà, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì òtẹ́ẹ̀lì, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ báńkì. Tẹ́ ẹ bá gbé aláwọ̀ wá, ọkọ ẹ̀ á ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ, pé aṣọ aláwọ̀ mọ̀ ọ́n fi ìdọ̀tí pamọ́, pé òun ò bá aṣọ tó ń purọ́ ṣe. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Dádì Funfun.

Èédú ni Dádì Funfun fi ń lọṣọ. Iná mànàmáná wà o, àmọ́ ó ní áyọ́ọ̀nù oníná fúyẹ́ bí ìlérí ọmọdé, pé kò lè tẹ kọ́là kóòtù kó dúró. Áyọ́ọ̀nù tiẹ̀, irin ńlá ni, á kó èédú pípọ́n sínú ẹ̀. Ìkòkò èédú á wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ibẹ̀ ni yóò ti máa bù sí i bí ti inú áyọ́ọ̀nù bá ti ń kú.

Ẹ jẹ́ kí n júwe yàrá áyọ́ọ̀nù yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré kan ló ṣáájú ẹ̀. Òfin méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, bàtà ò gbọdọ̀ wọlé, ẹ bọ́ tiyín sẹ́nu ọ̀nà, yálà ọba ni yín tàbí ìjòyè. Èkejì, tí wọ́n bá ti ń lọṣọ, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á tilẹ̀kùn, kí eruku títì má wọlé. "Aṣọ funfun òun àbàwọ́n kì í rẹ́," bẹ́ẹ̀ ni Dádì Funfun máa ń sọ, á sì ti fèrèsé gbọingbọin.

Ilẹ̀kùn wá ni wàhálà. Igi ni, ó ti wú, ọwọ́ ẹ̀ tinú sì ti já látayébáyé. Ẹni tó wà níta ló lè fi èjìká tì í. Ẹni tó wà nínú ò rí nǹkan kan dì mú. Wọ́n ní àwọn á pe káfíńtà, káfíńtà ọ̀hún ò dé títí di òní. Torí náà, tí Dádì Funfun bá lọṣọ tán, á kan ilẹ̀kùn látinú, kó, kó, kó, á ní, "Màdáámù, ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọmọọṣẹ́ yín." Màámi Àgbà á dá a lóhùn pé ọmọọṣẹ́ tí kò bá tíì parí iṣẹ́, kó jókòó síbẹ̀ kó ronú ayé ẹ̀. Á wá fi èjìká tì í, àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín bíi pé wọn ò ṣe irú ẹ̀ lánàá. Ojoojúmọ́ ni o. Mo máa ń sọ fún màmá mi pé àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí kì í sú ara wọn.

Ó wá ku Akọ̀wé. Akọ̀wé ni ẹyẹ. Ayékòótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe irú ńlá tó láwọ̀ eérú yẹn o. Eléyìí kéré, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwọ̀ ewé ló ní, ìrù ẹ̀ gùn tín-ín-rín. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é torí kò sí oníbàárà tó wọlé tí kò ní dá lóhùn kí onílé tó yọjú. Ọ̀rọ̀ tó sì mọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo alágbàfọ̀ mọ̀ jù: "Ó di ọ̀la." Ẹ ò tíì la ẹnu yín láti bèèrè aṣọ yín, ẹyẹ á ti ní ó di ọ̀la. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé àgò ẹ̀ kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, torí ó máa ń tu èèpo ọkà káàkiri, wọn ò sì fẹ́ kó tu ú sórí aṣọ.

Lásìkò òtútù ọdún tó kọjá, Màámi Àgbà gbé ṣíìtì lọ fún òtẹ́ẹ̀lì. Ìgbà tó dé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó tì í, ó rí i pé nǹkan wúwo lẹ́yìn ẹ̀. Dádì Funfun ni. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ti kú. Wọ́n ní ọkàn ẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin tó ti dàgbà, tó ń fi irin wúwo ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn? Ẹyẹ nìkan ló wà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. Látọjọ́ yẹn, Akọ̀wé ò sọ̀rọ̀ mọ́. "Ó di ọ̀la" pàápàá, kò sọ ọ́.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Màámi Àgbà nìyẹn, kó má bàa dá gbé. Mò ń fọ, òun ń lọ̀ ọ́. Tó bá ṣe tán nínú yàrá, òun kì í kànkùn ní tiẹ̀, orúkọ mi ló máa ń pè, màá wá fi èjìká tì í. Ìgbà tí òtútù tún padà dé, mo rí i lọ́jọ́ kan tó gbé àgò Akọ̀wé wọ yàrá áyọ́ọ̀nù. Mo ní òfin ńkọ́? Ó ní ẹni tó ṣòfin ti lọ, pé òun ń fẹ́ nǹkan tó ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Mo bá a wá ibi tí yóò gbé e sí.

Ẹ wá gbọ́ bí àìsàn yẹn ṣe yọ́ wọlé. Abọ́ oúnjẹ ló kọ́kọ́ yẹ kó ta wá lólobó. Ó kún láràárọ̀. Mo rò pé Màámi Àgbà ló ń bu ọkà sí i, Màámi Àgbà rò pé èmi ni. Kò sẹ́ni tó bu nǹkan kan. Ẹyẹ ni ò jẹun. Oúnjẹ kan náà là ń wò, tí kálukú ń yin ẹnì kejì nínú ọkàn ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ìyẹ́, gbogbo ara ẹ̀ á wú rogodo bí ẹni tó yá kóòtù ẹlòmíì wọ̀. Màámi Àgbà ní Akọ̀wé ti ń sanra, pé ó jọ pé owó oṣù ẹ̀ ti wọlé. A rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó kúrò lórí igi òkè tó fẹ́ràn, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí tìsàlẹ̀. Ó ń sùn lọ́sàn-án gangan, ó ki orí bọ ẹ̀yìn ara ẹ̀. Ìgbẹ́ ẹ̀ di omi. Nígbà tí mo wá tẹjú mọ́ ọn, mo rí ìrù ẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, sókè sódò, pẹ̀lú gbogbo èémí, bí ọwọ́ ẹni tó ń fa omi ní kànga tó jìn.

Mo lọ rí dókítà ẹranko, obìnrin kan tó ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Ó ní gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn, àmì àìsàn ni, kò sí èyí tó kéré níbẹ̀. Ó ní irú ẹyẹ yìí máa ń fi àìsàn pamọ́, torí nínú igbó, èyí tó bá fi hàn pé ara òun ò yá ni àṣá máa gbé. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Àwa náà ṣáà máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó fún mi ní oògùn tí wọ́n ń kán sómi, ó ní kí n rí i pé ara ẹyẹ móoru, kí atẹ́gùn má fẹ́ sí i.

A gbọ́, a sì ṣe é. Àní a ṣe é àṣejù. A gbé àgò sún mọ́ ìkòkò èédú gan-an. Màámi Àgbà fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi òmíràn dí igun fèrèsé tó ti sán. Yàrá wá móoru bí ikùn ìyá. Inú wa dùn sí ara wa.

Ìgbà yẹn ni ìkànkùn bẹ̀rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ kan, Màámi Àgbà pè mí, mo ti ilẹ̀kùn fún un. Ó jáde, ó di orí mú. Orí ti ń fọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀ nígbà yẹn, ó ń sọ pé ojú ló ń dùn òun, pé òun ti darúgbó. Ó wá bi mí pé ta ló kànkùn. Mo ní kò sẹ́nì kankan. Ó wò mí títí, ó sọ fún mi pé òun gbọ́ kó, kó, kó, òun sì gbọ́ ohùn ọkọ òun tó ní kí màdáámù ṣílẹ̀kùn. Mo ní ẹyẹ ni, Màámi, ayékòótọ́ ni, ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lọ́jọ́ tó ti pẹ́ ló ń sọ. Ó ní òun ń wo ẹyẹ nígbà tí ohùn yẹn dún, pé ó ki orí bọ ẹ̀yìn.

"Ẹyẹ tó ń sùn kì í pe èèyàn ní màdáámù," ló wí.

Ó jókòó sórí àpótí, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ kìlọ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà létí mi báyìí tí mò ń tẹ̀ ẹ́ sí yín lórí fóònù. "Tó o bá gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí, má ṣí i. Mi ò sí nílé lọ́jọ́ tó lọ. Bóyá ó ń bínú sí mi. Ẹni tó ti lọ, tá a bá ṣílẹ̀kùn fún un, òun nìkan kọ́ ni yóò padà lọ." Ó ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí.

Mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ẹ máa wò ó, ọmọ ayé òde òní ni mí. Àmọ́ kò pẹ́ sígbà náà, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mò ń ṣẹ́ aṣọ, mo gbọ́ ọ. Kó. Kó. Kó. Ó rọra dún, bí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò lágbára. Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́nì kankan. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn. Ohùn Màámi Àgbà wá látinú, ó wúwo, ó ń falẹ̀, ó bi mí pé ìwọ náà ti gbọ́ ọ báyìí, àbí? Mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn kíá, mo mú un jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá Akọ̀wé nísàlẹ̀ àgò, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Mo gbá àgò mú, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ dìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo padà lọ, mi ò tíì wọ yàrá tán tí mo gbọ́ ẹnì kan tó pariwo: "Ó di ọ̀la." Àwọn tó gbé ajá wá ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ni! Ó wà lórí igi òkè, ìyẹ́ ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara, ó ń fọ́ ọkà, èèpo ń fò káàkiri. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu ẹ̀ láti ọdún kan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, dókítà ní kí n má dúpẹ́ o, pé òun ò tíì fún un ní nǹkan kan, ẹ̀bá fèrèsé lòun kàn gbé e sí. Ó bi mí pé ibo là ń gbé e sí nílé. Ṣé a máa ń dáná níbẹ̀? Ṣé èéfín wà? Mo ní kò séèéfín rárá, èédú pípọ́n ni, kì í rú. Wọ́n ṣáà ní kò síná tí kì í léèéfín. Ẹni tó pa òwe yẹn ò dé yàrá wa rí. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ajá méjì dojú ìjà kọra lẹ́yìn mi, tábìlì dà wó, ariwo sọ. Ohun tó ráyè sọ kò ju pé kí n má gbé ẹyẹ yẹn padà sí yàrá ọ̀hún, òun á pè mí. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Ìgbà tí mo dé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, iná ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ òtẹ́ẹ̀lì ni, mo gbà pé Màámi Àgbà ti gbé ṣíìtì lọ. Mo rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wá ìṣó àtijọ́ lára ògiri, mo gbé àgò kọ́ síbi tó máa ń wà nígbà ayé Dádì Funfun. Ó mì díẹ̀, ó dúró.

Kó. Kó. Kó.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni. Látinú.

Mo yíjú sí Akọ̀wé, mo ní kó jẹ́ òun, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnu ẹ̀ pa dé mọ́ hóró ọkà kan tí kò tíì fọ́. Gbogbo ìyẹ́ ara ẹ̀ lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ó tín-ín-rín bí ìka, ó na ọrùn, ó ń wo ilẹ̀kùn. Mo ti mọ àìsàn lára ẹyẹ yìí dáadáa nígbà yẹn. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ohùn wá sọ ọ́, ohùn ọkùnrin, ó rẹ̀ ẹ́, kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀: "Màdáámù, ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọmọọṣẹ́ yín."

Mi ò ní í purọ́ fún yín. Mo yí padà kí n sá. Ìlérí tí mo ṣe ló wà lọ́kàn mi, ẹsẹ̀ mi ti ń lọ kí orí mi tó mọ̀. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀, mo tẹ nǹkan rírọ̀ kan, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo wolẹ̀. Sílípáàsì Màámi Àgbà ni. Méjèèjì, ó tò wọ́n jọ sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú wọn síta bó ṣe máa ń ṣe.

Kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ sí òtẹ́ẹ̀lì.

Ó wà nínú ibẹ̀. Òun àti ohunkóhun tó ń kànkùn. Mo pè é, kò dáhùn. Mo dúró síbẹ̀, èjìká mi ní kí n tì í, ọ̀rọ̀ tó sọ ní kí n má ṣí i. Mo ronú pé tó bá jẹ́ pé Dádì Funfun ló wà níbẹ̀, kó mú èmi náà, àmọ́ mi ò ní fi ìyá mi sílẹ̀ sínú ibẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Àkísà abẹ́ ẹ̀ dì í mú. Mo tún tì í, nǹkan wúwo fara lẹ̀ ẹ́ látinú. Ìgbà tó yá, ó là.

Ooru jáde bọ̀ mí lójú bí èémí. Màámi Àgbà jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í, bí wọ́n ṣe ní ọkọ ẹ̀ jókòó gẹ́lẹ́. Lórí tábìlì, áyọ́ọ̀nù ti jó ojú ihò dúdú sí àyà kóòtù dókítà kan. Kò sẹ́lòmíì nínú yàrá yẹn. Mo wò ó o, gbogbo kọ̀rọ̀ ni mo wò. Mo ki Màámi lábíyá, mo wọ́ ọ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo figbe ta. Ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló sáré wá, ó gbé e kọ́ èjìká bí àpò, ó di ọsibítù.

Ó yè. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó yè. Dókítà ọsibítù ní èédú pípọ́n máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, tí yàrá bá ti dé pa, á wọ ẹ̀jẹ̀ lọ. Ó ní afẹ́fẹ́ yẹn ló ń fọ́ Màámi lórí, òun ló sì lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohun tí kò sí. Ara ẹyẹ kéré, ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ mú un. Ó ní ká ní mo tún pẹ́ díẹ̀ sí i, nǹkan mìíràn là bá máa sọ.

Màámi Àgbà dùbúlẹ̀, ó ń gbọ́. Ó wá bi í pé ṣé ohun tó pa ọkọ òun náà nìyẹn. Dókítà ní òun ò sí níbẹ̀, òun ò lè búra. Màámi kọjú sógiri. "Ó pè mí," ló wí. "Ó kànkùn, ó pè mí, mi ò sì sí nílé. Akọ̀wé nìkan ló gbọ́ ọ." Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú.

A ti yọ ilẹ̀kùn yẹn dànù, kọ́tìnnì ló wà níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù oníná la fi ń lọṣọ, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oníbàárà tó bá sì ráhùn pé eruku wà lára kóòtù òun, Màámi á ní kó gbọn ọ́n. Akọ̀wé ń jẹun, ó ń pariwo, ó ti dá gbogbo ayé lóhùn pé ó di ọ̀la.

Àmọ́ nǹkan kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, ìdí gan-an tí mo fi pè yín jọ nìyí. Mo bi Màámi Àgbà bóyá òun ló kànkùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ní rárá, pé òun ti dákú tipẹ́, ohun tóun rántí kẹ́yìn ni pé òun ń bu èédú. Ẹ sì mọ̀ pé ohùn ọkùnrin ni mo gbọ́. Ẹ ó ní afẹ́fẹ́ èédú ló ń tàn mí jẹ. Ó dáa. Àmọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo wà, atẹ́gùn títì ń fẹ́ sí mi lára. Ẹ ó ní ẹyẹ ni. Mo rí ẹnu ẹ̀, hóró ọkà wà níbẹ̀. Látọjọ́ tá a sì ti ní in, ọ̀rọ̀ "màdáámù" yẹn, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀kan pàápàá. Ohun tó kàn máa ń ṣe ni pé nírọ̀lẹ́ míì, á dákẹ́ lójijì, á lẹ ìyẹ́ mọ́ ara, á na ọrùn, á máa wo ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá sọ fún mi, ẹ má tàn mí. Ká ní ẹ̀yin lẹ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ ti ṣèlérí fún ẹni tẹ́ ẹ kà sí ìyá pé ẹ ò ní ṣílẹ̀kùn, tẹ́ ẹ wá gbọ́ òkú tó ń bẹ̀ yín látinú, ṣé ẹ̀ bá ṣí i? Ká tiẹ̀ ní sílípáàsì yẹn ò sí níbẹ̀ ńkọ́?